Ẹni tó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Gbogbo ìgbà tí ìjọba bá ti kéde pé òun fẹ́ gba olùkọ́ ní Èkìtì wa yìí ni àríyànjiyàn kan náà máa ń bẹ́ sílẹ̀, ní ìdí ayò, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lórí rédíò. Ṣé dandan ni kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ ní dìgírì? Ṣé dandan ni kó ní ìwé-ẹ̀rí ìkọ́ni, àbí kó ṣáà ti mọ ohun tó fẹ́ kọ́ ti tó? Àwọn kan ní orí pípé ló ń kọ́ni, wọ́n ní sátífíkéètì kì í kọ́ni. Àwọn mìíràn ní ẹni tí kò bá ní NCE, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí iwájú pátákó ìkọ̀wé, nítorí ibẹ̀ ni a ti lè mọ ohun tí ìwé-ẹ̀rí wà fún.

Ẹ mú ìṣirò kan: 52 yọ 27. Ọmọ Pírámárì Kẹta kọ 35. Ẹni tó gba dìgírì nínú ìmọ̀ ìṣirò, àmọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ olùkọ́, yóò fa ìlà pupa sí i, yóò kọ 25 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì ṣí ojú ìwé tó kàn. Kò ṣe ohun tó burú, ìdáhùn tó kọ síbẹ̀ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò tún kùnà lọ́la, nítorí kò sẹ́ni tó bi í léèrè bó ṣe dé ibi tó dé.

Olùkọ́ tó mọṣẹ́ mọ̀ pé 35 yẹn kì í ṣe ìméfò ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ọ̀nà méjì ni ọmọ lè gbà dé ibẹ̀. Àkọ́kọ́: ó wo ọwọ́ ẹyọ, ó rí 2 lókè, ó rí 7 nísàlẹ̀, ó rí i pé 7 kò ṣeé mú kúrò nínú 2, ó wá dà á kọ, ó yọ 2 kúrò nínú 7, ó ku 5. Ó bọ́ sí ọwọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá, 5 yọ 2, ó ku 3. Ọ̀nà kejì: ó yá mẹ́wàá bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, 2 di 12, ó yọ 7, ó ku 5, ṣùgbọ́n ó gbàgbé pé 5 tó yá a ní mẹ́wàá ti di 4, ó yọ 2 kúrò nínú 5, ó ku 3. Ìdáhùn kan náà, àìsàn méjì. Ẹni tó bá lo oògùn ti àkọ́kọ́ fún èkejì yóò kàn da ọmọ náà rú sí i ni.

Báwo ni olùkọ́ ṣe ń mọ èyí tó jẹ́? Yóò fún un ní òmíràn, kó má ṣe irú èyí tí ọ̀nà méjèèjì tún máa pàdé nínú rẹ̀. Kó fún un ní 61 yọ 38. Tí ọmọ bá kọ 37, ó ń da nọ́ńbà kọ. Tí ó bá kọ 33, ó ń yá, àmọ́ kì í dín èyí tó yá a kù. Ẹni tó bá kọ 23 ti bọ́. Ìṣẹ́jú méjì péré ni iṣẹ́ yìí gbà, ó sì lè gba ọmọ lọ́wọ́ ọdún mẹ́ta tí yóò fi máa pe ara rẹ̀ ní olódo.

Ìwòsàn wọn náà yàtọ̀. Ẹni tó ń da nọ́ńbà kọ kò tíì mọ̀ pé 5 inú 52 jẹ́ ìdì márùn-ún. Ẹ wá igi ìgbálẹ̀ bí ọgọ́ta, ẹ dì í ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ fi rọ́bà so ó. Ìdì márùn-ún àti ẹyọ méjì ni 52. Ẹ ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ kó 27 kúrò. Yóò nawọ́ sí ẹyọ, yóò rí i pé méjì péré ló wà, yóò dúró. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ yára là á lọ́yẹ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá fún un láyè, òun ni yóò sọ pé kí a tú ìdì kan. Ó wá ku ìdì mẹ́rin àti ẹyọ méjìlá. Ó kó ẹyọ méje, ó ku márùn-ún; ó kó ìdì méjì, ó ku méjì. Kó ṣe irú rẹ̀ bíi mẹ́jọ pẹ̀lú igi, lẹ́yìn náà kó máa ya àwòrán ìdì àti ẹyọ sínú ìwé, kó tó wá kan nọ́ńbà lásán. Ẹni tó sì ń gbàgbé ìdì tó tú, òun kò nílò gbogbo èyí. Kí ẹ kàn ní kó fagi lé 5, kó kọ 4 sí orí rẹ̀, kó tó ṣe ohunkóhun ní ọwọ́ ẹyọ. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni pé olùkọ́ a fi igi hàn lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó bá fi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti ń pariwo pé "yá mẹ́wàá lọ́wọ́ aládùúgbò". Aládùúgbò wo? Ọmọ kò mọ̀ ọ́n.

Ó tún ku ohun tí ìwé tí wọ́n kọ ní òkè òkun kì í sọ fún olùkọ́ wa. Lédè wa, 27 ni ẹ̀tàdínlọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n ó dín mẹ́ta. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa ti rí ọ̀nà àbùjá: mú ọgbọ̀n kúrò nínú 52, ó ku 22, dá mẹ́ta padà, ó di 25. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣẹ́ ṣéńjì lọ́jà nìyẹn, láìmú bírò. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà yìí lè kó ọmọ sí wàhálà. Nígbà tí a bá pe 17 ní ẹ̀tàdínlógún, ogún àti ẹ̀ta ni ọmọ gbọ́. 1 àti 7 ni ó sì rí lórí pátákó. Olùkọ́ tí kò mọ èyí yóò máa bínú sí ọmọ tó kọ 23 nígbà tí wọ́n pe ẹ̀tàdínlógún. Olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n yóò fi orúkọ Yorùbá kọ́ ọ ní ìṣirò inú orí, yóò sì fi ìdì igi kọ́ ọ ní kíkọ sílẹ̀.

Irú ìmọ̀ yìí ni mo ń sọ. Dìgírì ìṣirò kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní èyí, nítorí ẹni tó bá dé yunifásítì ti gbàgbé pé òun ò mọ ìyọkúrò rí. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Lee Shulman, sọ ọ́ di mímọ̀ ní 1986 pé ìmọ̀ kan wà tó jẹ́ ti olùkọ́ nìkan, tí kì í ṣe ti onímọ̀ ìjìnlẹ̀, tí kì í sì í ṣe ti ẹni tó kàn mọ bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ: kí olùkọ́ mọ ibi tí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ti máa ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú, kó sì mọ ọ̀nà tó lè gbé e gbà. Ìwé-ẹ̀rí ìkọ́ni tí kò bá ti fi èyí sí olùkọ́ lọ́wọ́, tákàdá lásán ni.

Ẹ wo ìwé kíkà. Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì wa, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí ohùn padà. Ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 26, ṣùgbọ́n ìró inú rẹ̀ lé ní 40. Ọmọ tó ti mọ "p" nínú pákó yóò pe "p" inú "pen" bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, bí ẹni pé "kpen" ni wọ́n kọ. Kò ṣẹ̀, ohun tó kọ́ ní wákàtí Yorùbá ló gbé wá sí wákàtí Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó tún kan àwa Èkìtì gan-an ni pé ọmọ tí wọ́n ń sọ ẹ̀ka èdè wa fún nílé máa ń sọ ulé, usu, uná. Tó bá wá kọ "ulé" sínú ìwé, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fa igi lé e lórí kó sì pè é ní òpè. Etí ọmọ náà pé, ohun tó gbọ́ ló kọ. Kí olùkọ́ fa ìlà kan sí àárín pátákó, kó kọ ulé sí apá kan, kó kọ ilé sí apá kejì, kó ní báyìí ni à ń sọ ọ́ nílé, báyìí ni à ń kọ ọ́ nínú ìwé Yorùbá tí gbogbo wa jọ ń kà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì ní gbogbo ẹ̀kọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lára wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé nínú ìtàn yẹn ni pé kì í ṣe èdè nìkan ló ṣiṣẹ́ náà. Wọ́n kọ ìwé tuntun fún kíláàsì, wọ́n sì tún àwọn olùkọ́ kọ́.

Àwọn tó ní a ò nílò ìwé-ẹ̀rí máa ń tọ́ka sí àwọn baba wa. Wọ́n ní ta ló fún ọ̀gá alágbẹ̀dẹ ní NCE? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọṣẹ́ kì í dá gba iṣẹ́ oníbàárà lọ́jọ́ kejì tó dé ṣọ́ọ̀bù. Yóò kọ́kọ́ gbálẹ̀, yóò mọ orúkọ irinṣẹ́, yóò máa wo ọ̀gá, yóò ṣe èyí tó rọrùn tí ọ̀gá ń wò ó, yóò bà á jẹ́, yóò tún un ṣe. Ọdún mẹ́ta, mẹ́rin lè kọjá kó tó gba fíríìdọ̀mù. Fíríìdọ̀mù yẹn, ìwé-ẹ̀rí ni. Àwọn tí a ní kò ní ìwé-ẹ̀rí yìí gan-an ni ìdánrawò wọn gùn ju ti olùkọ́ òde òní lọ. Nǹkan mìíràn ni pé ọ̀gá máa ń kọ́ ọmọṣẹ́ kan, méjì, mẹ́ta, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn wá. Olùkọ́ ń kọ́ àádọ́ta lẹ́ẹ̀kan, àwọn kan nínú wọn kò jẹun wá, àwọn kan kò sì fẹ́ wá rárá.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn níbí, a ti rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí olùkọ́ bá ṣẹ́kù díẹ̀. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní 1955, iye ọmọ pírámárì fò láti nǹkan bí 457,000 sí nǹkan bí 811,000 láàárín ọdún kan. Ohun rere ni, a kò ní dẹ́kun àtimáa dúpẹ́. Àmọ́ wọ́n ní láti kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Standard Six sí iwájú kíláàsì. Bákan náà ló rí nígbà UPE, ètò ẹ̀kọ́ pírámárì ọ̀fẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ní 1976. Ohun tó gba àwọn olùkọ́ ìgbà náà sílẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ fún ìwé-ẹ̀rí Gíréètì Tuù.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí Gíréètì Tuù, nítorí àwọn ọ̀dọ́ kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ilé-ìwé pírámárì kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, fún ìdánrawò. Lọ́jọ́ tó bá kan akẹ́kọ̀ọ́, yóò kọ lẹ́sìn nóòtì rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀gá á wò ó, á fọwọ́ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ náà á wá kọ́ àwọn ọmọ náà gan-an, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kálukú pẹ̀lú ìwé àti bírò. Tó bá parí, wọ́n á kó lọ sí yàrá mìíràn, wọ́n á tú u palẹ̀: ìlà tó kọ sí pátákó ń gun òkè, ó fi ẹ̀yìn bo ohun tó ń kọ, ohùn rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní ẹ̀yìn, ó pe orúkọ ọmọ kó tó béèrè ìbéèrè. Èyí tó kẹ́yìn yìí lè dà bí ohun kékeré. Tí o bá ní, "Ìwọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ni olú-ìlú Èkìtì?" àwọn yòókù ti mọ̀ pé kò kàn wọ́n, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Kọ́kọ́ béèrè, dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí márùn-ún, wo ojú gbogbo wọn, lẹ́yìn náà kí o tó pe orúkọ. Gbogbo wọn ni yóò ti ronú kí o tó dárúkọ ẹnì kan. Kò sí dìgírì kan tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìyẹn àfi èyí tó bá jẹ́ ti ẹ̀kọ́ nípa ìkọ́ni, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló ń pín kíláàsì tó wà láàyè níyà sí èyí tó ti kú.

Àléébù Gíréètì Tuù ni pé ìmọ̀ ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ kò jinlẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó gbà á mọ bí a ṣe ń kọ́ni, àmọ́ ohun tó ní láti kọ́ni lè má tó fún ọmọ tó mú. Ìdí nìyẹn tí ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè fi sọ NCE, ọlọ́dún mẹ́ta, di ìwé-ẹ̀rí tó kéré jù fún iṣẹ́ olùkọ́. Ìgbésẹ̀ tó tọ́ ni. Àmọ́ bí a ṣe ń gbé ìwé-ẹ̀rí ga sí i, ìdánrawò ń fò lọ. Gíréètì Tuù ní ọwọ́ iṣẹ́, kò ní ìmọ̀ tó; àwa lónìí ní ìmọ̀ díẹ̀ sí i, ọwọ́ iṣẹ́ ń já.

Ìmọ̀ díẹ̀ yẹn pàápàá, ìwé-ẹ̀rí lásán kò fi hàn pé ó wà. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Ní 2008, ìjọba Kwara fún olùkọ́ 19,125 ní ìdánwò lórí ohun tí ọmọ pírámárì ń kọ́; 75 péré ló dé ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀. Ní 2017, ìjọba Kaduna fún nǹkan bí 33,000 olùkọ́ ní ìdánwò ìwọ̀n Pírámárì Kẹrin, 21,780 kò rí máàkì 75 nínú ọgọ́rùn-ún gbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ wọ̀nyí ló ní ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́. Ní Èkìtì níbí, ìjọba gbé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ wá ní 2012, àwọn olùkọ́ sì kọ̀ láti jókòó fún un, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọ́n fẹ́ fi lé àwọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ní tèmi, kò sí ohun tó burú nínú kí a mọ ohun tí olùkọ́ nílò. Àmọ́ kò sí àyẹ̀wò tí olùkọ́ á fi inú kan ṣe tí kò bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ní kíkọ sílẹ̀, pé ẹ̀kọ́ àtúnkọ́ ló máa tẹ̀ lé e, kì í ṣe ìwé ìdádúró. Kí a kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹ̀kọ́ àtúnkọ́ náà yóò ti wáyé, kí a sọ iye ọjọ́ tí yóò gbà, kí a tó gbé bébà ìdánwò jáde.

Ibo ni ìwé-ẹ̀rí ti ń di òfìfo? Nínú ìdánrawò ìkọ́ni, tí gbogbo wa ń pè ní TP. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́ẹ̀mejì ni. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń mọ ibi tí yàrá wà, ẹ yọ ọ̀sẹ̀ ìdánwò àti ìsinmi, kí ni ó kù? Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń yan ilé-ìwé tó sún mọ́ ilé àwọn òbí rẹ̀. Olùkọ́ kíláàsì tó yẹ kó jókòó tì í á dúpẹ́ pé ìrànlọ́wọ́ dé, á kó gbogbo kíláàsì lé e lọ́wọ́, á bá tirẹ̀ lọ. Alábòójútó láti ilé ẹ̀kọ́ gíga á dé lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, á jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ẹ̀kọ́ ogójì ìṣẹ́jú, á wo lẹ́sìn nóòtì, á wo àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, á kọ máàkì. Àwòrán yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń ya àwòrán tà ló yà á. Ọdún tó kọjá ni ẹlòmíràn ti lò ó. Kò sẹ́ni tó wo ìwé àwọn ọmọ láti mọ̀ bóyá wọ́n mọ nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà.

Ìgbìmọ̀ TRCN, tí òfin 1993 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, náà ń ṣe ìdánwò tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó sì pín olùkọ́ sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, láti ẹni tó ní ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ dé ẹni tó ní NCE. Ìforúkọsílẹ̀ dára, kò yẹ kí ẹni tí a kò mọ̀ máa wọ ọ̀dọ̀ ọmọ wa. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè mọ̀ bóyá o mọ ohun tí Piaget, onímọ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú, sọ. Kò lè mọ̀ bóyá o rí ọmọ tó ń da nọ́ńbà kọ ní ìjókòó kẹrin.

Ó wá ku àwọn tó ní dìgírì tàbí HND tí kì í ṣe ti ìkọ́ni: B.Sc. Kẹ́mísírì, B.A. Gẹ̀ẹ́sì. Púpọ̀ nínú wọn ló wà ní sẹ́kọ́ńdìrì wa, àwọn àgùnbánirọ̀ náà sì ń kún wọn lọ́dọọdún. Èmi kò sí lára àwọn tó ní kí a lé wọn. Tí a bá lé wọn, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní àwọn abúlé wa kò ní ní olùkọ́ físíìsì rárá. Ohun tí wọ́n nílò ni PGDE, ẹ̀kọ́ ìkọ́ni fún ẹni tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lè ṣe láàárín ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀, ní yunifásítì, ní National Open University tí a mọ̀ sí NOUN, tàbí lábẹ́ NTI, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Kaduna. Ẹ kàn má ṣe san owó fún ẹlòmíràn pé kó bá yín kọ iṣẹ́ ìwádìí inú rẹ̀.

Kí ni PGDE máa fún olùkọ́ kẹ́mísírì? Ẹ wo ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní "mole". Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ á wọlé, á kọ fọ́múlà sí pátákó, á ní ìwúwo tí a wọ̀n pín fún ìwúwo mole kan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn ọmọ á há a sórí títí di WAEC. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ láti orí dọ́sìnnì. Ẹyin dọ́sìnnì kan, ọsàn dọ́sìnnì kan: iye kan náà, méjìlá, ṣé ìwúwo wọn dọ́gba? Rárá. Ó dáa: mole náà jẹ́ iye, ó kàn pọ̀ púpọ̀ ni, 6.02 × 10²³. Mole omi kan wọ̀n gíráàmù 18, ti iyọ̀ wọ̀n 58.5, ti ṣúgà wọ̀n 342. Wọn iyọ̀ àti ṣúgà yẹn sínú abọ́ méjì lójú wọn, kí wọ́n rí i. Fọ́múlà yóò wá tẹ̀ lé e, kò sì ní ṣòro mọ́.

Ibì kan wà tí mo rò pé òfin ìwé-ẹ̀rí yẹ kó rọ̀. Ní 2011, iṣẹ́ ọwọ́ 34 ló wọ inú ètò ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, kí akẹ́kọ̀ọ́ yan ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dín iye náà kù ní 2025. Ta ni yóò kọ́ wọn? Ẹni tó gba dìgírì tí kò tíì lẹ táìlì kan rí lè kọ ìtumọ̀ táìlì sí pátákó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ pe ọ̀gá onítáìlì tàbí ọ̀gá télọ̀ tó ti gba ọmọṣẹ́ jáde. Ẹ fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí bí a ṣe ń tọ́jú kíláàsì, bí a ṣe ń pín ẹ̀kọ́ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, bí a ṣe ń fún ọmọ ní máàkì. Ẹ fi olùkọ́ kan tì í fún sáà kan. Ìyẹn tó.

Fún àwọn òbí tó ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé aládàáni, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà ògiri àti gáùn ọjọ́ ayẹyẹ tàn yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì, tó ń dúró de JAMB, fún ọwọ́ àwọn ọmọ kékeré. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé pé ta ní ń kọ́ Pírámárì Kìíní, kí sì ni ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ ṣí ìwé iṣẹ́ ọmọ yín. Tí ẹ bá rí "dáadáa" lórí gbogbo ojú ìwé, tí ẹ kò rí ibi tí olùkọ́ ti fi hàn án bí àṣìṣe ṣe dé, tí ẹ kò sì rí ibi tí ọmọ ti tún un ṣe, olùkọ́ náà kò ka ohun tó fi ọwọ́ sí. Ẹ ní kí ọmọ ka ojú ìwé tí wọn kò tíì dé. Tó bá ń ka èyí tí wọ́n ti kà dáadáa, tí kò lè ka tuntun, ó há a sórí ni, kò mọ̀wé kà.

Wọ́n máa ń sọ ọ̀rọ̀ Finland fún wa, pé láti 1979 ni olùkọ́ pírámárì wọn ti ń gba máàsítà. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn yunifásítì wọn ní ilé-ìwé ìdánrawò tiwọn, gẹ́gẹ́ bí Gíréètì Tuù wa àtijọ́, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ni tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ sì ń wò ó. Ìyẹn ni kí a jí lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe orúkọ máàsítà. Àwa náà sì ní ibi tí a lè ti bẹ̀rẹ̀: kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, tó ti di yunifásítì báyìí, kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni ní Èkìtì.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ àwọn aláṣẹ SUBEB, àjọ tó ń rí sí ilé-ìwé pírámárì, àti àjọ tó ń gba olùkọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ní ìpínlẹ̀ wa nìyí. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí TP tó kéré sí sáà kan gbáko, ọ̀sẹ̀ méjìlá. Kí alábòójútó wò ó nígbà mẹ́rin ó kéré jù, kó jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ dé òpin, kó sì gba ìwé ọmọ márùn-ún wò lẹ́yìn rẹ̀. Olùkọ́ kíláàsì tó bá gba akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ra, ẹ fún un ní owó díẹ̀ lé owó oṣù rẹ̀, nítorí iṣẹ́ kejì ni. Tí ẹ kò bá fún un, yóò máa lọ sí oko rẹ̀ ní wákàtí yẹn. Olùkọ́ tuntun kò yẹ kó ní ju wákàtí ẹ̀kọ́ 18 lọ lọ́sẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, kí ó lè ráyè lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kí ẹ yan ẹni yẹn fún un kí ẹ tó fún un ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú lẹ́tà náà.

Àti ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé pírámárì: ẹ ti mọ́ra láti fi olùkọ́ tó dáńtọ́ jù sí Pírámárì Kẹfà nítorí ìdánwò àṣewọlé, kí ẹ sì fi ẹni tí kò mọṣẹ́ sí Pírámárì Kìíní. Ọmọ tó bá kọ́ ìyọkúrò lódìlódì ní ọdún àkọ́kọ́, olùkọ́ Pírámárì Kẹfà kò ní àkókò láti tú u. Ẹ yí i padà ní oṣù Kẹsàn-án tó ń bọ̀ yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.